Aràn Inú Ilẹ̀ Tí Ń Gbèjà Àgbẹ̀



Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní ìpínlẹ̀ Georgia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, a ń gbin igi kan tí à ń pè ní pecan, tí èso rẹ̀ ní èèpo líle, tí ó sì lọ́ràá nínú. Kòkòrò ọ̀tá rẹ̀ ní ẹnu gígùn bí abẹ́rẹ́. Èyí abo a fi ẹnu náà lu èso, a sì yé ẹyin sí i. Ìdin rẹ̀ a jẹ inú èso, a dá èèpo lu, a bọ́ sílẹ̀, a sì wọ ilẹ̀ lọ ní ìwọ̀n íǹṣì 3 sí 10. Ọdún 2 tàbí 3 ni yóò kọjá kí ó tó jáde ní àgbà kòkòrò. Oògùn tí a fín sórí igi kò lè bá a níbẹ̀.

Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe wá olùrànlọ́wọ́ tí òun náà ń gbé inú ilẹ̀. Aràn tín-ín-tín ni, Steinernema carpocapsae ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe irú aràn tí ń yọ àwọn ọmọ wa lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ gbòǹgbò igi. Ẹnu kòkòrò, tàbí ihò tí ó fi ń mí, ni ó ń gbà wọlé. Bakitéríà tí ó gbé sínú ni ó ń pa kòkòrò náà ní bí ọjọ́ 2. Aràn a bí sí i nínú òkú náà, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì jáde lọ wá òmíràn.

Ṣùgbọ́n oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ ń pa á. Ìrọ̀lẹ́ ni à ń pò ó mọ́ omi, tí à ń wọ́n ọn sí ìdí igi, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Nínú oko pecan, àgbà kòkòrò ni ó ń pa jù, ìdin kò tètè kú. Nítorí náà ìgbà tí àgbà ń jáde nínú ilẹ̀ ni àsìkò rẹ̀.

Báwo ni èyí ṣe kàn wá? Obì wa náà ní kòkòrò ẹlẹ́nu gígùn, tí ń wọ inú rẹ̀ láti oko, tí ó sì ń bá a dé inú apẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sí obì, bẹ́ẹ̀ tútù ni à ń jẹ ẹ́, a kì í sè é. Májèlé tí a fi pa kòkòrò, ẹnu ènìyàn ni ó ń parí sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi aràn yìí sí obì inú apẹ̀rẹ̀: inú ilẹ̀ tútù ni agbára rẹ̀ wà. A kò sì gbọdọ̀ sọ pé ohun tí ó pa kòkòrò pecan yóò pa kòkòrò obì, àfi bí a bá dán an wò. Mo dá a lábàá pé kí Ẹgbẹ́ yọ̀ǹda apá kan oko obì fún ìdánwò, kí a sì kọ̀wé sí Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ní Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, tí iṣẹ́ rẹ̀ kan obì pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ fi owó àti ìmọ̀ ràn wá lọ́wọ́. Kí ìyẹn tó bọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí a máa ká obì lásìkò, kí a máa ṣa èyí tí ó bọ́ sílẹ̀, kí a sì kó èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò lóko.

 Ìlú wa yóò máa tẹ̀síwájú o. Àṣẹ.