Bí Ó Bá Ní Ó Tó, Tú U Sílẹ̀

 

Nígbà tí Jigoro Kano, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì, dá ilé ìkọ́ni ní ìjà júdò sílẹ̀ ní ìlú Tokyo ní ọdún 1882, kì í ṣe bí a ti í da ẹlòmíràn nílẹ̀ nìkan ni ó fi kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, bí kò ṣe bí a ti í bọ̀wọ̀ fún un pẹ̀lú. Títí di òní, kí àwọn méjì tó dì mọ́ra, wọn a tẹrí ba fún ara wọn; bí wọ́n bá parí, wọn a tún tẹrí ba. Ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kí o fi kọ́ ìjà, ṣé ọ̀tá rẹ ni? Rárá o. Olùrànlọ́wọ́ rẹ ni.

Nítorí tirẹ̀ ni o ṣe ń gé èékánná. Nítorí tirẹ̀ ni o ṣe ń bọ́ òrùka. Bí ìdìmú bá sì ni ín lára, tí ó fi ọwọ́ gbá ọ lára tàbí tí ó gbá ẹní lẹ́ẹ̀mejì, lójú ẹsẹ̀ ni kí o tú u sílẹ̀.

Àwọn baba wa ní, bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.

Ẹ̀yin alágbára, nílé, lọ́jà, níbi iṣẹ́: bí ọmọnìkejì yín bá ní ó tó lónìí, ẹ jẹ́ kí ó tó. A ó ṣe é re o.