Wíìlì Ńlá Ẹ̀rọ Ata

 Ní Ìṣẹrì Olówóra, bí ata bá ti ọjà Máìlì 12 dé, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ ata ló kù. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tó ń yí ẹ̀rọ wọn, tó ní wíìlì ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó fẹ́ tan án á fi ọwọ́ yí wíìlì náà. Ìyípo àkọ́kọ́ ló máa ń le jù.

Bí eré yíyípo ṣe ń pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n ń pè ní angular acceleration níléèwé. Ká ní wíìlì dúró jẹ́ẹ́, nígbà tó di ìṣẹ́jú àáyá 5, ó ti ń yí nígbà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín 10 sí 5: ìyípo 2 ló ń lé sí eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tó bá wá dúró lórí 10 yẹn, òdo ni angular acceleration rẹ̀, bó ti wù kó máa sáré tó.

Ibi tí irin wà lára wíìlì náà tún ṣe pàtàkì. Èyí tó bá jìnnà sí àárín ní ìlọ́po 2, ìlọ́po 4 ni yóò fi ṣòro yí kánkán. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kó irin sí etí wíìlì ni. Ó ń ni èèyàn lára láti tan án, àmọ́ tí ìyá kan bá da abọ́ ata kan sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, eré wíìlì náà kì í já lulẹ̀. Tí wọ́n bá pa ẹ́ńjìnnì náà, wíìlì á ṣì máa yí. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ o, títí á fi dúró.