Kí Wọ́n Tó Kó Ẹrù Wa Síta
(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún mẹ́wàá)

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n ní kí Alukoro sọ ohun tí yóò ṣe ẹgbẹ́ láǹfààní. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò bá ijó mu, ṣùgbọ́n ó kàn wá: ọ̀rọ̀ ilé tí báǹkì gbà lọ́wọ́ onílé nítorí gbèsè.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń rí. Àdúgbò olówó ni, géètì ga, ọ̀nà ní ọ̀dà. Lọ́jọ́ kan, báílífù kọ́ọ̀tù dé pẹ̀lú ọlọ́pàá, wọ́n ń kó àga, fìríìjì àti àwòrán ìgbéyàwó síta. Aládùúgbò yọjú lójú fèrèsé, ẹlòmíràn yọ fóònù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò ti dé Sango. Ohun tí ayé ń sọ ni pé, "Ayé àṣejù ló fà á."

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì mọ̀ pé kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Òwò ló ń gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ, kì í ṣe àríyá. Ẹni tó ní ilé-iṣẹ́ kékeré lójú ọ̀nà Ìdírókò, tó ń ra èlò láti òkè òkun, á fi ilé rẹ̀ dúró kó lè rówó yá. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460; ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Èlé tí CBN fi ṣe ìpìlẹ̀, tó jẹ́ 11.5% ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, di 27.5% ní November 2024. Owó àná ni onítọ̀hún fi ṣírò èrè, owó òní ló ń fi san gbèsè.

Àwọn kan á ní, "Wọn ò lè ta ilé mi, gómìnà ò fọwọ́ sí i." Ọ̀rọ̀ náà ní orísun. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ní a kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ dúró láìgba àṣẹ gómìnà. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ní 1989, Kọ́ọ̀tù Tó Ga Jù Lọ dá àdéhùn ìdúró nù nítorí pé kò sí àṣẹ yẹn, báǹkì kò sì lè ta dúkìá náà. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ní 1995, ilé-iṣẹ́ Awojugbagbe Light Industries, tó yáwó lọ́wọ́ NIDB, ní kí wọ́n fagi lé títà dúkìá òun, pé òun ti buwọ́ lùwé kí àṣẹ gómìnà tó dé. Kọ́ọ̀tù kan náà kò gbà fún un. Títà dúró.

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé láyé àtijọ́, ológò ni wọ́n ń rán sí onígbèsè. Á wọlé, á jókòó tì í, á máa da ilé láàmú títí wọn yóò fi san án. Ìtìjú ni wọ́n fi ń gba gbèsè nígbà náà, òun náà ló wà nínú ẹrù tó wà lójú títì. Ìyàtọ̀ kan ló wà níbẹ̀: ọjọ́ tí ológò bá wọlé ni gbogbo ẹbí ń mọ̀, tí wọ́n á forí korí. Lẹ́tà báǹkì lè wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún kan, kí ìyàwó má mọ̀, kí ọ̀rẹ́ má gbọ́. A ní ikú yá ju ẹ̀sín, a wá ń fi ìdákẹ́ ra ẹ̀sín.

Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Gbèsè tó bá ti kọjá ọjọ́ 90 láìsan ti wọ ìwé gbèsè burúkú. Ṣáájú ìgbà yẹn, báǹkì ṣì lè fi àsìkò kún àsìkò, kó sì dín iye oṣooṣù kù. Bí kò bá sì sí ọ̀nà mìíràn, ó sàn kí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ tà á. Iye méjì ni àwọn tó ń díye lé ilé máa ń kọ: iye tó tọ́ lọ́jà, àti iye tí wọ́n lè tà á ní kánjúkánjú. Èyí kejì ló máa ń kéré. Ẹni tó tètè tà á lè san gbèsè kó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù láti fi gba ilé mìíràn.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ fún nìyí. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ fi ilé dúró kọ́kọ́ sọ fún aya tàbí ọkọ rẹ̀. Kí ẹni tó bá gba lẹ́tà báǹkì mú un tọ Ààrẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn lọ́yà àti òṣìṣẹ́ báǹkì àárín wa yóò bá a kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ọ̀rọ̀ náà má sì jáde sí orí ìjókòó ọtí. Bí a bá lè dá aṣọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá ní ọdún mẹ́wàá, a lè pa àṣírí ẹnì kan mọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ayé fi wá ṣe ìran wò. Ilé tí a kọ́, àwa àti ọmọ wa la ó máa gbé e.