Ìrẹ̀ Kọ́ Ló Ṣẹ̀: Kòkòrò Ilẹ̀ àti Èérún Ike
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Ashanti New Town, Kumasi

 

Tí a bá jáde níbí, ẹ wo inú gọ́tà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wà níbẹ̀, rọ́bà tí wọ́n fi di oúnjẹ waakye wà níbẹ̀, páálí take-away funfun náà ò gbẹ́yìn. Oòrùn ń pa á, ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ya, ó ń rún. Kì í jẹrà. Ńṣe ló ń kéré sí i. Tí kò bá ti tó mìlímítà 5 mọ́, àwọn onímọ̀ ń pè é ní microplastic. Èérún ike ni n ó máa pè é lónìí.

A ti gbọ́ ti ẹja òkun tó ń gbé ike mì. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti kòkòrò tí a jọ ń gbé orí ilẹ̀.

Inú omi gọ́tà ni tanwíjí ń gbé. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Reading, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, da èérún ike sínú omi tanwíjí. Ó gbé e mì, nígbà tó sì di ẹ̀fọn tó ń fò, wọ́n ṣì bá ike nínú rẹ̀. Ohun tó bọ́ sómi wá gba ara ẹ̀fọn bọ́ sáfẹ́fẹ́, alántakùn àti àdán sì ń dúró dè é.

Ní Copenhagen, lọ́dún 2021, oríṣi ike 13 ni wọ́n rí lára kòkòrò oyin. Polyester ló pọ̀ jù. Polyester yìí náà ló kún inú obroni wawu, òkìrìkà tí à ń rà ní ọjà Kejetia. Lọ́dún 2022, Yunifásítì Carleton ní Kánádà po ike mọ́ oúnjẹ ìrẹ̀. Èyí tó rí róbótó kò dí ìdàgbàsókè wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n abo tó jẹ fọ́nrán polyester kò tóbi tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún rí i pé ike róbótó tó wọ ikùn ìrẹ̀ kéré gan-an nígbà tó bá ìgbẹ́ jáde. Ikùn ìrẹ̀ di ọlọ: ó lọ ike kúnná, ó sì dà á padà sílẹ̀ tí à ń gbin ẹ̀fọ́ sí.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sin ìdin tó ń jẹ ike.” Ó wà lóòótọ́. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ China àti ti Yunifásítì Stanford fi hàn pé ìdin 100 ń jẹ mílígíráàmù 34 sí 39 irú ike páálí funfun yẹn lóòjọ́. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ di afẹ́fẹ́, ìyókù bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: tí páálí kan bá wọn gíráàmù 4, ìdin 100 yóò lò ju 100 ọjọ́ lọ kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán. Oúnjẹ ọ̀sán ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o!

Nítorí náà, ẹ gbé abọ́ tiyín lọ ra waakye. Ẹ kó ọ̀rá omi jọ fún àwọn tó ń rà á. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ aboboyaa gbé ìdọ̀tí, kí gọ́tà sinmi. Yorùbá ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìrẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀, ọwọ́ wa ni.