Bí A Ṣe Ń De Irin Ìfà àti Iná Tírélà Mọ́ Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ sọ ní Ìlúpéjú-Èkìtì)

Mo mọ̀ pé àwọn kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ lóko kí wọ́n tó wá, nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

Nígbà tí a wá síbí kẹ́yìn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín bi wá ní ìbéèrè kan. Ẹ ní ẹ ti dáwó jọ ra ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tó ní táyà méjì lábẹ́, wẹ́dà sì ti bá yín ṣe tírélà kékeré kan tí ẹ fẹ́ máa fi kó iṣu àti àgbàdo wálé. Ẹ wá bèèrè pé báwo ni ẹ ṣe máa so wọ́n mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tí wọn kò fi ní já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìbéèrè yẹn ni mo wá dáhùn lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ara wa yé. Bí mo bá ní tírélà, kì í ṣe ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn tó ń kó sìmẹ́ǹtì kiri ni mo ní lọ́kàn. Kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni mo ń wí, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé míkísà wọn káàkiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé lọ́wọ́ alẹ́. Bí a ṣe kọjá Ìtàpá díẹ̀, a bá èrò tó pé jọ sójú ọ̀nà. Píkọ́ọ̀pù kan ló fa tírélà iṣu. Tírélà náà kò níná kankan lẹ́yìn, ẹrù orí rẹ̀ sì ti bo iná ọkọ̀ tó ń fà á. Ọlọ́kadà kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò rí i títí ó fi wọ abẹ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò kú, ṣùgbọ́n wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ẹni tó ni iṣu ta gbogbo iṣu ọdún yẹn, ó tún fi oko kòkó yáwó lé e, kí ó tó rí owó ọsibítù san. Gílóòbù mélòó kan àti wáyà tí kò tó nǹkan ni kò sí lẹ́yìn tírélà yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara irin. A kì í so ẹrù mọ́ bọ́ńpà. Bóyá Peugeot 504 ni o, bóyá Toyota Hilux ni o, a kò ṣe bọ́ńpà fún kí ó máa fa nǹkan. Ṣásí ni irin ìfà, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tóòbà, gbọ́dọ̀ dì mú. Ṣásí ni irin gígùn méjì tó wà lábẹ́ ọkọ̀, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ jókòó lé. Ọ̀pọ̀ nínú 504 tó ṣì ń bá wa ṣiṣẹ́, Kàdúná ni wọ́n ti tò wọ́n, níbi tí ilé-iṣẹ́ PAN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Kò sí èyí tó jẹ́ ọmọdé mọ́ nínú wọn, ìpẹtà sì ti jẹ abẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, kí ẹ fi òòlù kékeré kan ṣásí náà díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dún gbangan, kò burú. Bí ìró rẹ̀ bá kú, tí ìpẹtà ń já bọ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tàbí tí ṣókóṣó irin bá wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ yẹn kò lè fa nǹkan. Ẹ jẹ́ kó máa gbé ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ.

Ọ̀nà méjì ni a fi ń rí tóòbà. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín gan-an. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ ní Èkó, tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, máa ń tú irú rẹ̀ lára ọkọ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ihò rẹ̀ máa ń bá ihò ara ṣásí mu. Ọ̀nà kejì ni kí wẹ́dà ṣe é. Èyí náà dára, bí wẹ́dà náà bá gbọ́ràn. Ẹ má jẹ́ kó fi rọ́ọ̀dù ilé kíkọ́ ṣe é, nítorí irin yẹn kò ṣe é gbára lé fún irú iṣẹ́ yìí. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 10 ni kó lò níbi tó ti kan ṣásí, kí ó sì fẹ̀ dáadáa.

Bọ́ọ̀tù ńkọ́? Ó kéré tán, méjì-méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 12. Ẹ wo orí bọ́ọ̀tù náà kí ẹ tó sanwó: ó yẹ kí ẹ rí 8.8 tàbí 10.9 níbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí irin rẹ̀ ṣe le tó. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan lórí, ilẹ̀kùn ni kí ẹ fi kàn. Bí ṣásí bá sì jẹ́ oníhò nínú bí àpótí, ẹ gé páìpù kékeré sínú rẹ̀ kí bọ́ọ̀tù gba inú páìpù náà kọjá. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti ń dì í le ni ṣásí á máa tẹ̀ wọnú, ẹ óò sì rò pé ó ti le.

Àwọn wẹ́dà kan á ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n jó o mọ́ ṣásí pátápátá, kò ní tú láéláé.” Ẹ má gbà fún un. Iná wẹ́dìn máa ń sọ irin ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó di aláìlágbára, ibẹ̀ gan-an ló sì máa ń là nígbà tí ẹrù bá ń jó gìdìgìdì lójú ọ̀nà oko. Ohunkóhun tí ó bá fẹ́ jó, kó jó o nílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fi bọ́ọ̀tù dè é. Bí ó bá pọn dandan láti jó nǹkan lára ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ tú orí bátìrì, kí ẹ sì wo ibi tí táńkì epo wà.

Bọ́ọ̀lù ìfà ni ó kàn. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí jù. Bọ́ọ̀lù tó wá láti Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 50. Ti Amẹ́ríkà máa ń jẹ́ íǹṣì 2, tàbí íǹṣì 1 àti ìdá méje nínú mẹ́jọ, tàbí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mìlímítà 50 àti íǹṣì 2 jọra lójú, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà: íǹṣì 2 fi díẹ̀ ju mìlímítà 50 lọ. Bí ẹnu tírélà bá jẹ́ ti íǹṣì 2, tí bọ́ọ̀lù jẹ́ ti 50, á wọ̀ ọ́, á sì máa mì nínú rẹ̀, ọjọ́ tó bá wọ kòtò ni á fò jáde. Nọ́ńbà máa ń wà lára bọ́ọ̀lù, ó sì máa ń wà lára ẹnu tírélà náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bára mu. Ẹ sì dán an wò báyìí: ẹ so ó, ẹ tì í, kí ẹ wá fi jáàkì gbé imú tírélà sókè títí ẹ̀yìn ọkọ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí ó bá bọ́, nǹkan kan kò tọ́.

Ẹ fi ṣéènì méjì kún un, kí wọ́n kọjá lórí ara wọn lábẹ́ bọ́ọ̀lù bí àgbélébùú. Bí tírélà bá bọ́, orí ṣéènì ni imú rẹ̀ máa bọ́ sí, kò ní gúnlẹ̀.

Ní ti ẹrù, tírélà tí kò ní bíréèkì tirẹ̀, ìlú Yúróòpù kò gbà kó ju kìlò 750 lọ, tòun ti ẹrù. Àwa náà lè fi ṣe ìwọ̀n. Bí tírélà yín bá wọn 200 lófìfo, tí ẹ kó àpò àgbàdo márùn-ún oníkìlò 100 sí i, ó ti di 700 nìyẹn. Nínú 700 yìí, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn 70, ló yẹ kó tẹ orí bọ́ọ̀lù. Ẹ lè fi òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ènìyàn sábẹ́ imú rẹ̀ láti mọ̀ ọ́n. Bí ẹrù bá pọ̀ sẹ́yìn jù, tírélà á máa jù bí ìrù ejò nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Bí ó bá pọ̀ síwájú jù, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, ìdarí á sì nira. Kìlò 70 yìí náà wà lára ẹrù píkọ́ọ̀pù o, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí ẹ máa kó sẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ku iná. Iṣẹ́ réwáyà ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ó ń ṣe. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu méje ti Yúróòpù ní àwọ̀ wáyà tirẹ̀: yẹ́lò ni tráfíkétọ̀ òsì, gíríìnì ni ti ọ̀tún, funfun ni ẹ́ẹ̀tì, pupa ni iná bíréèkì, búráùn ni iná ẹ̀yìn ọ̀tún, dúdú ni ti òsì. Búlúù jẹ́ ti iná kùrukùru, ẹ lè fi í sílẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ẹlẹ́nu mẹ́rin yàtọ̀: funfun ni ẹ́ẹ̀tì, búráùn ni iná ẹ̀yìn méjèèjì, yẹ́lò àti gíríìnì sì ń ṣe iṣẹ́ tráfíkétọ̀ àti bíréèkì pọ̀ sójú gílóòbù kan. Bí ọkọ̀ yín bá ya tráfíkétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára bíréèkì, tí tírélà sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, wọn kò lè bára ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀rọ kékeré tó ń pa méjèèjì pọ̀. Ó rọrùn jù kí ẹ fi gílóòbù tráfíkétọ̀ tirẹ̀ sí tírélà. Ẹ má sì fọkàn tán àwọ̀ wáyà ara ọkọ̀ tòkunbọ̀, nítorí ọwọ́ púpọ̀ ti kàn án. Téstà ni kí réwáyà fi wá ọ̀kọ̀ọ̀kan: kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, kí òun máa wò ó.

Níbi tí wọ́n bá ti so wáyà pọ̀, kí wọ́n lọ́ ọ, kí wọ́n jó òjé sí i, kí wọ́n tó fi téèpù wé e. Téèpù nìkan kò tó. Òjò kan péré, omi á wọ̀ ọ́, kọ́pà á di àwọ̀ ewé. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ni kó nípọn jù, kí wọ́n ha ọ̀dà kúrò lára ṣásí kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀tù dè é. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí tráfíkétọ̀ ń ṣẹ́jú pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí iná ẹ̀yìn di bàìbàì, ẹ má ra gílóòbù tuntun: ẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Gílóòbù bíréèkì kan jẹ́ wáàtì 21. Méjì lára ọkọ̀, méjì lára tírélà, ó di 84. Lórí bátìrì fóòtì 12, áńpù 7 nìyẹn, ìlọ́po méjì ohun tí súwíìṣì bíréèkì ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Lára ọkọ̀ àtijọ́, ó lè jó o. Ríléè kan, tó gba iná láti bátìrì pẹ̀lú fíúsì tirẹ̀ nítòsí bátìrì, á gbà á sílẹ̀.

Ìyá kan níbí bi mí pé bí owó iná kò bá tíì sí ńkọ́. Ìyá wa, ẹ fi ọ̀dà pupa tó ń tàn lójú iná mọ́ ọkọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí iṣu sùn lóko di òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kò lè sọ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pé ẹ ti tẹ bíréèkì, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, bóyá láti ibí dé Ìkọ̀lé àti àbọ̀, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì dì, nítorí wọn á ti dẹ̀ díẹ̀. Kí ẹ sì fọwọ́ kan àárín táyà tírélà méjèèjì. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ, bíárìǹ rẹ̀ ń fẹ́ gíríìsì.