Ọlidé Gígùn àti Ọkàn Àwọn Ọ̀dọ́langba Wa



Nígbà tí míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ìdí omi gbígbóná wa ní Ìkógòsì ní àwọn ọdún 1950, àgọ́ ọ̀dọ́ ni wọ́n dá síbẹ̀. Ní 2012, lásìkò ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ibẹ̀ náà ni wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé wá fún ẹ̀kọ́ àsìkò ọlidé. Ó ti pẹ́ tí Ìkógòsì ti ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ọmọ tiwa ńkọ́, èyí tó wà nílé láti ìparí oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án?

Ẹ̀yin òbí, ẹ ó ní iṣẹ́ oko wà. Mi ò bá iṣẹ́ oko jà. Ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ ro ìdí kòkó, oorun alẹ́ rẹ̀ a dùn. Ṣùgbọ́n a lè bá ọmọ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kí a má bi í ní nǹkan kan ju "ṣé o ti jẹun?" lọ.

Oṣù Kẹjọ ló le jù, nítorí èsì ìdánwò WAEC. Ẹ rántí 2025. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, àjọ WAEC ní ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ṣèdánwò ló yege nínú iṣẹ́ márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àjọ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àṣìṣe wà níbi máàkì. Wọ́n tún un ṣe, ó di 62.96. Ọmọ mélòó la ti pè ní olódo láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, tí a ti fi wé ọmọ ará ilé kejì, tí kò sì jẹ̀bi? Ẹni tó fìdí rẹmi lóòótọ́ pàápàá, èébú kọ́ ló kàn án. Ó lè tún ìdánwò náà ṣe.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láàárín ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mọ́kàndínlógún, ẹnì kan nínú méje ló ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Kì í ṣe wèrè tó já sọ́jà ni mò ń wí. Ọmọkùnrin tó ṣàdédé kọ pápá bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ni, ọmọbìnrin tí kò rí oorun sùn, tí iyán kò wù ú jẹ mọ́. Àwa a ní ìgbéraga ni. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ bi í léèrè bí ẹ bá jọ ń ti oko bọ̀, kì í ṣe lójú èrò, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán kí ẹ tó wàásù. Bó bá ní ayé sú òun, ẹ má kàn pariwo "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Ẹ bi í tààrà bóyá ó ń ro àtipa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò ọ̀hún sí ọmọ lọ́kàn. Bó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ kó oògùn tí a fi ń fín kòkó àti èyí tí a fi ń pa koríko kúrò nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Adó tàbí Ìdó-Èkìtì. Pásítọ̀ tàbí àfáà lè máa gbàdúrà nínú ọkọ̀.

Kábíyèsí, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Kí àwọn olùkọ́ ṣí kíláàsì kan sílẹ̀ ní ọ̀sán ní gbogbo oṣù Kẹjọ, kí bọ́ọ̀lù àti ayò wà níbẹ̀, kí àgbàlagbà méjì tí àwọn ọmọ fọkàn tán máa jókòó tì wọ́n. Lọ́jọ́ tí èsì bá sì jáde, kí òbí kọ̀ọ̀kan fi oko sílẹ̀, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò.