Nítorí Ta Ni A Fẹ́ Yí Padà?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ń yí ọkàn ẹ̀dá padà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ní ọdọọdún, bí oṣù Rámàdánì bá ti dé, àwọn kan nínú wa a jáwọ́ nínú sìgá àti ọtí. Ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ kì í tíì ṣú tí wọn yóò fi padà sí i. Kì í ṣe agbára ni wọn kò ní: ẹni tí ó fara da ebi àti òùngbẹ fún odindi oṣù kì í ṣe ọ̀lẹ. Nítorí oṣù ni wọ́n ṣe jáwọ́. Nígbà tí oṣù parí, ìdí náà parí.

Ìdí nìyí tí Ànábì wa, nínú àádíìsì tí Sàyídínà Umar gbà wá, fi so iṣẹ́ mọ́ aníyàn. Àwọn tí wọ́n ṣí lọ sí Mẹ̀dínà rin ìrìn kan náà, ẹ̀san wọn kò sì dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnì kan tí àwọn ọmọ wa gbà lálejò rí ní Ìbàdàn. Malcolm X, adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n jù sí ẹ̀wọ̀n ní 1946 nítorí olè jíjà. Inú ẹ̀wọ̀n ni ó ti pa sìgá àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tì, tí ó sì gbájú mọ́ ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ènìyàn kan, Elijah Muhammad, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá ti Ànábì mu, ni ìyípadà náà fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó rí àléébù ẹni náà, ó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹta 1964. Ìbá ti padà sí ìwà àtijọ́, kò padà. Ó lọ sí Mẹ́kà ní oṣù kẹrin, ó sì gbé ẹ̀rù rẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ní oṣù karùn-ún, Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí ní Yunifásítì Ìbàdàn sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé. Títí wọ́n fi pa á ní oṣù kejì 1965, kò wẹ̀yìn.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ léèrè lóru: bí ìyàwó kò bá rí mi, bí lèmọ́mù kò bá gbọ́, ṣé n ó ṣì fi í sílẹ̀? Ẹni tí kì í mutí ní Ìṣùà, tí ó ń mu ún bí ó bá dé Èkó, ojú ará Ìṣùà ni ó ń bẹ̀rù. Ìtìjú àti ìlera lè ṣílẹ̀kùn fún wa. Wọn kò lè gbé ilé ró.

Ẹ mú ohun kékeré tí ẹ lè ṣe lójoojúmọ́, ẹ yẹra fún ẹgbẹ́ tí ń fà yín sẹ́yìn, kí ẹ sì máa tọrọ ìrànlọ́wọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ kírun.

Kí Ọlọ́hun fọ aníyàn wa mọ́. Àmín.

Wàsàlámù àlékúmù.